Ẹja Tí Ó Ní Àwòrán Olóyè Gbádégẹṣin Lára

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ní Ọ̀kọkọmaikò ní ayé Sáàpù, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí ó sì sọ pé òun kò mọ Olóyè Gbádégẹṣin, irọ́ ló ń pa. Ọkùnrin náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti má mọ òun. Òun ni Olùdarí Ọ́fíìsì Amójútó Oúnjẹ Òkè-Òkun, ẹ̀ka ti Ọ̀jọ́, Ìbà àti agbègbè wọn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò le rárá. Bí ọkọ̀ òkun bá já oúnjẹ sílẹ̀ ní Àpápá, tí wọ́n kó o wá sí ilé yìnyín ńlá tó wà lẹ́bàá títì Àgbádárìgì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí aráàlú tó rà á. Ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n bí Olóyè ti ń ṣe é, ẹ ó rò pé òun ló dá ẹja sínú òkun.

Láàárọ̀, kò sí akọ̀wé tó gbọdọ̀ tan iná ọ́fíìsì kí Olóyè tó dé. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ táràrà wá bírò. Bí Olóyè bá ti fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, Ọlọ́runfẹ́mi, akọ̀wé rẹ̀ àgbà, yóò figbe ta pé, "Ilẹ̀ ti mọ́ o!" Àwọn yòókù yóò dáhùn pé, "Ìmọ́lẹ̀ wa ti dé!" Nígbà náà ni wọn yóò tó tan iná. Lọ́jọ́ tí iná mànàmáná bá sì lọ, inú òkùnkùn yẹn náà ni wọn yóò ti kí ìmọ́lẹ̀ káàbọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí Olóyè sùn dáadáa: ipò Kọmíṣánnà. Ó ti gbọ́ pé àyè kan ṣófo ní Ìkẹjà, wọ́n sì ti ń dárúkọ òun. Ó ti rán agbádá tí yóò fi búra. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò wọ̀ ọ́ síwájú dígí, yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò ní, "Èmi, Gbádégẹṣin..." Victoria ìyàwó rẹ̀ yóò sì dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Kọmíṣánnà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹrosíìnì ti tán."

Oníṣòwò kan wà tó ń jẹ́ Rótìmí, ó sì mọ ibi tó ń yún Olóyè. Rótìmí kó ẹja wọlé láti òkè-òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìnyín ọkọ̀ tó gbé e ti kú lójú omi. Ẹja náà yọ́, wọ́n tún un dì. Ó tún yọ́, wọ́n tún un dì. Nígbà tí ó fi máa dé Ọ̀kọkọmaikò, ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Rótìmí kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fi owó lọ ẹnikẹ́ni. Páálí tuntun ló ṣe. Ó tẹ àwòrán Olóyè sí i gàdàgbà, pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẸJA GBÁDÉGẸṢIN, ÌYÌN Ọ̀JỌ́.

Olóyè wo páálí náà, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Rótìmí," ó ní, "ta ló sọ fún ọ pé báyìí ni mo rí?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí, sà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kò lè gbé ògo yín tán."

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń yẹ ẹja wò. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń la páálí láàárín, wọn á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, wọn á ṣí etí ẹja wò bóyá ó ṣì pupa, wọn á sì gbóòórùn rẹ̀. Rótìmí mọ èyí. Àárín gan-an ló tẹ ojú Olóyè sí.

Ọkùnrin tó ń yẹ oúnjẹ wò yọ ọ̀bẹ. Olóyè ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ là á, sà. Bí a ti máa ń ṣe."

"Gba ibo?"

"Gba àárín, sà."

"Àárín imú mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n là á láti ẹ̀yìn, sà."

"Ẹ̀yìn! Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹ̀yìn lòun fẹ́ gbà yọ sí mi!"

Ọlọ́runfẹ́mi ti dọ̀bálẹ̀ síwájú páálí. "A kì í fi irin kan ojú bàbá ẹni!" ni ó ń ké. "Ọba ni yín, sà! Ẹja tó bá wà lábẹ́ ojú yín, ṣé ó lè bàjẹ́ ni?"

Olóyè rò ó wò, ó rí i pé òdodo ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó ẹja náà lọ sọ́jà láìla páálí kankan.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ará Ajáńgbádì. Ilé tí èèyàn mẹ́jọ ti ń bára wọn pín ilé ìyàgbẹ́ kan, ẹ lè fojú inú wo bí ó ti rí. Ìyá Ẹ̀hìndé jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, onílé ni, Mùsùlùmí òdodo, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ ẹja náà, ojú rẹ̀ jìn wọnú, wọ́n sì fa omi sí i lára kí ó tó yè. Ọmọ Mìsíìsì Eunice Rẹ̀mílẹ́kún náà dùbúlẹ̀. Ará Èkìtì ni Eunice, ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ilé Ìyá Ẹ̀hìndé ni wọ́n háyà.

"Ìyá Landlord," ni Eunice wí, "ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn."

"Kọ̀wé? Ìwé tí wọn ó fi nu kí ni? Ẹsẹ̀ la ó fi lọ. Gbogbo páálí tó wà nílé, ẹ rù wọ́n!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ṣe ru páálí òfìfo sórí, láti Ajáńgbádì, gba Ọ̀kọkọmaikò, títí dé Ìyànà Ìbà níbi tí ọ́fíìsì Olóyè wà. Àwọn alágbò láti ọjà ẹran Alaba Rago, tí inú ń run àwọn náà, tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò sí òkúta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Páálí nìkan ni, àti orin.

Olóyè wà lórí báńkónì tó ń mu tíì. Ó gbójú kúrò nínú ife, ó rí ojú ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ kún títì láti ọ̀tún dé òsì, gbogbo wọn ń wò ó, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i, lórí àwọn obìnrin.

"Ọlọ́runfẹ́mi," ó ní, "ṣé o rí ohun tí mo ń rí?"

"Mo rí i, sà. Ìfẹ́ ni, sà."

"Wọn kò tiẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ń bọ̀."

"Ìfẹ́ àtọkànwá kì í kàn sí ni tẹ́lẹ̀, sà."

Olóyè gbé tíì sílẹ̀, ó tún fìlà dé, ó sì na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tó fẹ́ fò. "Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀jọ́!" ó ké. "Ẹ̀yin ẹ̀jẹ̀ Ìbà! Ẹ̀yin ọ̀wọ̀n Ọ̀kọkọmaikò! Mo mọ̀ pé ẹ kò lè pa á mọ́ra. Ohun tí mo ṣe fún yín ti pọ̀ jù nínú yín, ó ní láti jáde!"

"Ó ti ń jáde láti àná, sà!" ni Ìyá Ẹ̀hìndé dáhùn. "Lókè àti nísàlẹ̀!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni atẹ́gùn yí padà, ó gbé òórùn páálí wọ̀nyẹn gòkè lọ bá Olóyè, orin sì bẹ̀rẹ̀:

*Ẹ gbé ẹja yín o,*
*ẹ gbé e lọ sílé yín;*
*inú ọmọ tí a bí*
*kì í ṣe ààtàn o.*

Eunice gbé ọwọ́ sókè, orin dákẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun tí a wá bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ ti ilé yìnyín náà pa, kí wọ́n yẹ ẹja inú rẹ̀ wò. Ìyẹn nìkan, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá ṣe pé Olóyè ní "Mo gbọ́" lọ́jọ́ náà, kò ní sí ìtàn. Ọ̀rọ̀ kúkurú méjì. Ṣùgbọ́n ẹnu ńlá kì í gba ọ̀rọ̀ kékeré.

"Kò sí ohun tó ṣe ẹja mi!" ó pariwo. "Inú yín ni kò tíì mọ oúnjẹ òkè-òkun! Ẹ lọ kọ́ ọ! Àwọn ọ̀tá mi ló rán yín, àwọn tí kò fẹ́ kí n di Kọmíṣánnà!"

Bí ó ti wọlé, ó gbé tẹlifóònù, ó pe Dípíò, ọ̀gá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó wà nítòsí. Ó ní ogun ti dé.

Àwọn ọlọ́pàá dé pẹ̀lú tíágáàsì àti kòbókò, Sájẹ́ǹtì Àsánì ló ṣáájú wọn. Èyí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, n kò sì ní fi ṣe ẹ̀rín. Èéfín bo Ìyànà Ìbà, àwọn obìnrin ń wúkọ́, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Àwọn alágbò gbé àwọn tó dákú sẹ́bàá títì. Àsánì bá Ìyá Ẹ̀hìndé níbi tó dúró sí pẹ̀lú páálí lórí.

"Ìyá, ẹ sáré!"

"N kò jalè. Kí ni mo fẹ́ sá fún?"

Àsánì nà án. Kòbókò la bùbá rẹ̀, ó la ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kó òun, Eunice àti àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ Bíláàkì Màríà, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n ariwo ti dé Ìkẹjà. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ní ìwé orúkọ àwọn tí yóò jẹ Kọmíṣánnà lọ́wọ́, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá fi ojú ara òun rí i. Ìdí Olóyè kò gba ìjókòó mọ́. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, títí ọgbọ́n fi dé. Ẹ wo ọgbọ́n náà o.

"Ọlọ́runfẹ́mi! Bí àwọn obìnrin yẹn bá jẹ ẹja mi lálẹ́ òní nínú sẹ́ẹ̀lì, tí Ọ̀gá Àgbà sì bá wọn láàárọ̀ tí ara wọn le bí òkúta, ta ni yóò tún sọ̀rọ̀?"

"Kò sí, sà! Orí yín kì í ṣe orí, sà. Yunifásítì ni!"

Olóyè fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹja. Ó ní egungun ẹja kò mọ olóyè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé páálí mẹ́ta láti ilé yìnyín, kí wọ́n dín ẹja náà, kí wọ́n sè é lọ́bẹ̀ ata rodo, kí wọ́n sì se ìrẹsì tì í. Wọ́n tilẹ̀ gbé àwọn páálí òfìfo náà lọ sí tẹ́ṣàn, kí gbogbo èèyàn lè mọ ẹni tó ṣoore. Olóyè dúró síwájú káńtà, ó gbé abọ́ lọ́wọ́, ayàwòrán yà á. Ó sọ̀rọ̀ nípa àánú, ó ní erin kì í bá kòkòrò jà, ó ní òun ti dárí jì wọ́n. Bí wọ́n ti ya àwòrán tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò dúró wo ẹni tó jẹun.

Ọjọ́ Ajé ni. Ìyá Ẹ̀hìndé kì í jẹun lọ́jọ́ Ajé kí oòrùn tó wọ̀, gaàrí tí yóò fi ṣínu sì ti wà lọ́nà láti ilé. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì náà ti gba ààwẹ̀ tiwọn nínú sẹ́ẹ̀lì, Eunice ló ṣáájú àdúrà. Ká tiẹ̀ ní wọn kò gbààwẹ̀, ta ni nínú wọn ni yóò jẹ ẹja yẹn?

Ẹ̀yin náà sì mọ àṣà tẹ́ṣàn wa. Ìjọba kì í bọ́ ẹni tí a tì mọ́lé. Ará ilé rẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ wá, ọlọ́pàá káńtà ni yóò sì kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀. Àsánì ló ń bù ú. Ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọṣẹ́ ló ti ń wá ọ̀bẹ nínú oúnjẹ àwọn èèyàn, kò rí, kò sì sinmi. Bí ọ́fíìsì Olóyè bá ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìlú ì bá rójú.

"Sájẹ́ǹtì," ni Eunice wí láti ẹ̀yìn irin, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹja yẹn ló gbé wa débí."

Àsánì ti ki ọwọ́ bọ abọ́. "Madam, inú ọlọ́pàá yàtọ̀ sí inú ìyàwó lẹ́kíṣọ́rà. Tiwa, irin ni."

Dípíò náà jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu tòun wá, kí wọ́n fi orí ẹja sí i. Kò sí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò fi ìka ra ojú abọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, irin ti yọ́. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn, ìlà àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ sì ti dé ìdí igi ọ̀pẹ. Ẹni tó bá jáde, ẹ̀yìn ìlà ló tún ń padà sí. Àsánì wọ́ dé ẹnu sẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Eunice.

"Madam... ẹ gbà... ẹ ràn wá lọ́wọ́."

Àwọn obìnrin ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ìyá Ẹ̀hìndé ní, "Lọ síbo? Èyí tí àwọn ọlọ́pàá ní ó ń bọ̀ láti Ìkẹjà yẹn ni mo fẹ́ rí. Ẹ wá iyọ̀ àti ṣúgà." Wọ́n se omi, wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i bí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ gbogbo ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ń bù ú fún àwọn ọlọ́pàá níkọ̀ọ̀kan. Ó kan Àsánì. Ó wo ife, ó wo Ìyá Ẹ̀hìndé, ó ń lọ́ra.

"Mu ún," ni ìyá náà wí. "Bí mo bá fẹ́ gbẹ̀san ni, n kò ní fi ṣúgà sí i."

Ó mu ún tán. "Ìyá, ẹ má bínú."

"Mo gbọ́. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ta mí. N kò tíì sọ pé mo gbà."

Ọ̀gá Àgbà dé ní kùtùkùtù. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Olóyè wọ agbádá ìbúra wá pàdé rẹ̀ lójú títì, Ọlọ́runfẹ́mi gbé etí agbádá náà dání lẹ́yìn. Wọ́n wọ tẹ́ṣàn. Kò sí ẹnikẹ́ni ní káńtà.

"Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, sà," ni Olóyè wí. "Ibi tí àlàáfíà bá ti pọ̀, ọlọ́pàá kì í níṣẹ́. Sà, àwọn abanijẹ́ ní ẹja tí mo fọwọ́ sí ń ṣe èèyàn níbi. Kí ni mo ṣe? Mo fi ẹja náà bọ́ wọn! Nínú tẹ́ṣàn yìí! Lánàá! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó jẹ ẹ́ jáde wá, kí ayé rí wọn!"

Àwọn obìnrin jáde láti ẹ̀yìn ilé, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn, wọ́n kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Àgbà. Olóyè na ìka sí wọn bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

"Ẹ wò wọ́n, sà! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo ìdúró! Ohun tí ẹja mi ń ṣe lára èèyàn nìyẹn!"

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Eunice wí. "Àwa kò jẹ ẹ́, sà. Ààwẹ̀ la gbà. Àwọn tó jẹ ẹ́ wà lẹ́yìn ilé."

Ọ̀gá Àgbà kẹ́yìn sí Olóyè. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé. Níbẹ̀ ni ó ti rí gbogbo agbára òfin agbègbè náà lórí ìlà, wọ́n fọwọ́ di inú mú. Dípíò rí i, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan kí i bí ológun, ó fi ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú.

"Gbogbo nǹkan... wà ní... ìkáwọ́ wa, sà," ó ní, ó sì sáré kọjá lára rẹ̀ wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn gbà.

Olóyè ti ń làágùn. "Sà, ẹja mìíràn ni! Èyí kì í ṣe tèmi!"

Ọ̀gá Àgbà tọ́ka sí páálí tó wà ní igun káńtà. "Ta nìyí?"

Olóyè wo àwòrán náà títí. Ọkàn kan ní kí ó sẹ́. Ṣùgbọ́n fìlà yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹ̀rín yẹn! Kò rí i sẹ́. Ibi tó ti ń tún fìlà tirẹ̀ dé, Ọlọ́runfẹ́mi, tí ẹnu rẹ̀ kò lè rí ojú ọ̀gá rẹ̀ kí ó dákẹ́, ti figbe ta: "Òun ni, sà! Kò sí ẹlòmíràn! Gbogbo Ọ̀jọ́ kò ní irú rẹ̀!"

"Ta ló yẹ ẹja wò?"

"Sà... ọ̀bẹ... àárín páálí ni ọ̀bẹ ń gbà wọlé, sà. Ojú mi ló sì wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà gbé páálí náà sórí káńtà. "Nítorí kí ọ̀bẹ má kan ojú yín lára páálí," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ọmọ àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ẹ sì pe àwọn tó na ìyá wọn."

Ó pàṣẹ níbẹ̀ pé kí àwọn obìnrin máa lọ sílé wọn láìsí ẹ̀sùn, kí wọ́n ti ilé yìnyín pa, kí wọ́n bo ẹja inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí Dípíò àti Àsánì wá sọ tẹnu wọn ní Ìkẹjà nípa kòbókò. Ti Olóyè ló fi kádìí: kí ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lónìí, kí ó sì gbàgbé ipò Kọmíṣánnà. Wọ́n wá Rótìmí títí. Àwọn èèyàn ní ó ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá.

Ẹ̀bá irà lẹ́yìn Ọ̀kọkọmaikò ni wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sí. Ìlú jáde wá wò. Àwọn alágbò wá, àwọn lẹ́kíṣọ́rà wá, wọ́n fi aṣọ dí imú. Àwọn obìnrin Ajáńgbádì ní àwọn ni yóò fi ọwọ́ ara wọn da iyanrìn sí i, nítorí àwọn ló mọ ohun tí ẹja náà ṣe. Ọ̀gá Àgbà ti ní kí Olóyè dúró ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì dúró sí etí kòtò, agbádá rẹ̀ ti kan ẹrẹ̀.

Ó wo ọ̀pọ̀ èèyàn tó pé jọ. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wá síwájú báńkónì lọ. Gbogbo wọn dojú kọ ibi tí ó dúró sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni irú Gbádégẹṣin lè ṣe? Ó tún fìlà dé. Ó wúkọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀jọ́!" ó bẹ̀rẹ̀. "Ní ọjọ́ mánigbàgbé yìí, tí èmi fúnra mi ń ṣe alága..."

"Olóyè," ni Ìyá Ẹ̀hìndé wí, ṣọ́bìrì ti kún lọ́wọ́ rẹ̀, "ẹ sún síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Iyanrìn ń bọ̀."

Ó sún.